Bí a ṣe ń tẹ́ aṣọ fáíbà sínú mọ́ọ̀dù ọkọ̀ ojú omi ńlá: láti orí ríra aṣọ títí dé ìpele tó kẹ́yìn

Résìn, ìyẹn oje olómi tó máa ń le, kọ́ ló ń gbé ẹrù nínú ọkọ̀ fáíbà. Òwú gíláàsì inú rẹ̀ ló ń gbé e. Iṣẹ́ résìn ni láti di òwú náà mú síbi tí a tẹ́ ẹ sí, kó sì máa pín agbára láti ara òwú kan sí òmíràn. Bí òwú bá wọ́, bó bá hunjọ, tàbí bí etí aṣọ méjì kò bá gun ara wọn tó, kò sí résìn olówó gọbọi tó lè tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù fi gbọ́dọ̀ parí kí a tó ṣí àgbá résìn rárá: lórí tábìlì ìgé aṣọ àti nínú mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tó ń fún ọkọ̀ ní ìrísí, nígbà tó ṣì gbẹ.

Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ní Lọ́kọ́ja àti ní àwọn abúlé Ọ̀wọ́rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Ọya la kọ èyí fún, pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe táǹkì omi ńlá àti àgbá ẹja ní Kàbbà, Ìsánlú àti Mopà. Omíyalé ọdún 2012 àti ti 2022 ti fi hàn wá pé kì í ṣe ọjọ́ tí omi bá wọ àdúgbò la máa ń wá ọkọ̀ tó dáa. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú ọkọ̀, nínú táǹkì, àti nínú apá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń mú iná mànàmáná wá, irú èyí tó gùn ní mítà 107 tí ilé iṣẹ́ LM Wind Power ṣe jáde ní Cherbourg lórílẹ̀-èdè Faransé lọ́dún 2019. Bí nǹkan bá ṣe tóbi tó ni àṣìṣe kékeré nínú títẹ́ aṣọ ṣe ń wọ́n tó.

Ọkọ̀ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ gùn ní mítà 8, kò ní òrùlé, ó sì ní ògiri ìdí tí a ń so ẹ́ńjìnnì kọ́. Láti kíìlì, ìyẹn ìlà àárín ìsàlẹ̀ ọkọ̀, dé etí rẹ̀ lókè jẹ́ mítà 1.70 láàárín, níwájú, ó sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 1.30. Ògiri ìdí fẹ̀ ní mítà 1.50, ó ga ní 0.70. Gbogbo ojú rẹ̀ pa pọ̀ tó bíi mítà 26 onígun mẹ́rin. Ìpele rẹ̀ lẹ́yìn gelcoat, ìyẹn résìn tó ń di ojú ìta ọkọ̀, ni: máàtì (òwú gígé) 300, máàtì 450, roving (aṣọ híhun) 600, máàtì 450, roving 600, máàtì 450. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni gíráàmù tí mítà onígun mẹ́rin kan aṣọ náà wọ̀n. Ẹ má sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ọkọ̀ o. Iye ìpele, àti ibi tí a ó ti fi kún un, ọwọ́ ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ ló ti gbọ́dọ̀ wá, nítorí òun ló mọ ẹ́ńjìnnì, ẹrù àti iye èrò tí ọkọ̀ yóò gbé.

Ẹ mọ aṣọ tó wà lọ́wọ́ yín

Máàtì jẹ́ òwú gígé tí a da pọ̀ láìní ojú kan pàtó. Agbára rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọọgba ni níhà gbogbo, ó sì máa ń tẹ̀ lé igun dáadáa nígbà tí résìn bá ti rin ín. Roving ni aṣọ híhun. Gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí àwọn ìyá ń hun ní Bùnú, ó ní òwú òòró tó bá gígùn róòlù lọ, àti òwú ìbú tó dábùú rẹ̀; apá méjèèjì yìí nìkan ló ti lágbára gan-an. Ẹ fà á ní kọ́ńdọ́rọ́, láti igun dé igun, ẹ ó rí i pé ó yẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta ni aṣọ tí wọn kò hun, tí wọ́n kàn fi òwú tín-ínrín rán òwú gíláàsì pọ̀ ní ojú kan ṣoṣo tàbí ní dígírì 45 sí ọ̀tún àti sí òsì. Èyí ni kò gba ìgbàkugbà. Bí aṣọ olójú kan ṣoṣo bá yà kúrò lójú ìlà rẹ̀ ní dígírì 5, bíi 6% nínú líle rẹ̀ ló lọ. Bó bá yà ní dígírì 10, bíi ìdá kan nínú márùn-ún ló lọ. Ojú lásán kì í sábà rí dígírì 10 lórí ọkọ̀ mítà 8. Okùn àti àmì ló ń rí i.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Bí ẹ bá gé roving ní ọ̀já, tí ẹ sì ń tẹ́ ọ̀já kọ̀ọ̀kan láti kíìlì lọ sí etí ọkọ̀, àwọn òwú tó ń bá gígùn ọkọ̀ lọ ti já ní gbogbo ibi tí ọ̀já kan bá pin. Láti ọ̀já kan dé èkejì, ibi tí wọ́n ti gun ara wọn nìkan ni agbára ń gbà kọjá. Ìgunléra yìí ni afárá wọn. Bó bá kéré jù, ibẹ̀ ni ọkọ̀ yóò ti là nígbà tó bá ń fò lórí ìgbì. Bí ìgunléra ìpele mẹ́ta bá sì wà lójú kan náà, ìlà kan yóò le gbagidi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa tẹ̀ títí yóò fi sán.

Ẹ lo ìgunléra mílímítà 50 fún roving 600 àti máàtì 450. Lórí róòlù tó fẹ̀ ní mítà 1.25, 4% aṣọ nìyẹn. Ẹni tó bá ń fojú wọ̀n ọ́n, tó wá di 150, ti ná 12%, ó sì ti gbé ìwúwo sínú ọkọ̀ láìnídìí.

Ìṣirò kí a tó ra ohunkóhun

Ọ̀pọ̀ máa ń fi ojú ọkọ̀ nìkan ra aṣọ: mítà 26 lọ́nà ìpele mẹ́ta máàtì 450, kílò 35. Aṣọ náà yóò tán kí iṣẹ́ tó parí, ẹni tó bá sì ń retí ẹrù láti Èkó kò lè dá ìpele tó ti ń gan, ìyẹn tó ti ń le, dúró. Ẹ ka ọ̀já.

Róòlù mítà 1.25, tí ìgunléra 0.05 bá kúrò nínú rẹ̀, ń bo mítà 1.20. Ọ̀já 7 yóò bo mítà 8.45. Ohun tí a nílò jẹ́ 8.25: mítà 8 ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 10 tí yóò yí wọ ògiri ìdí, àti 15 tí yóò kọjá ẹnu iwájú. Gígùn ọ̀já kọ̀ọ̀kan ni 1.70, pẹ̀lú 0.075 tí yóò kọjá kíìlì sí òdìkejì àti bíi 0.07 tí yóò yọ sórí etí mọ́ọ̀dù: ẹ gé e ní 1.85. Ọ̀já márùn-ún lẹ́yìn àti láàárín jẹ́ 1.85, ìkẹfà 1.70, ìkeje 1.45. Ìyẹn mítà 12.4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, 24.8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ògiri ìdí gba 1.70 mìíràn lára róòlù. Àpapọ̀ mítà 26.5 fún ìpele kan.

Nítorí náà, máàtì 450 ìpele mẹ́ta jẹ́ mítà 79.5 lára róòlù, ó sì wọ̀n ní kílò 45, kì í ṣe 35. Roving ìpele méjì jẹ́ mítà 53, kílò 40. Ẹ wo ìwúwo àti fífẹ̀ tó wà lára páálí róòlù kí ẹ tó sanwó. Róòlù tó fẹ̀ ní mítà 1 yóò yí gbogbo ìṣirò yìí padà.

Résìn ń tẹ̀ lé aṣọ. Máàtì tí a tẹ̀ dáadáa ń mú gíláàsì 30% sí résìn 70%, roving ń mú ìdajì sí ìdajì. Fún ìpele wa, résìn jẹ́ bíi kílò 5 fún mítà onígun mẹ́rin kan, ó lé ní kílò 130 fún ọkọ̀ náà kí a tó ka ohun tó gun ara wọn àti ohun tó kù nínú ike. Ara ọkọ̀ yóò nípọn tó mílímítà 5.3: máàtì 450 ń fúnni ní bíi 1.05, máàtì 300 ní 0.7, roving 600 ní 0.73. Bí tiyín bá nípọn ju 6.5 lọ pẹ̀lú aṣọ kan náà, résìn ló pọ̀ jù. Kò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ náà lágbára sí i.

Gígé àti ṣíṣe àmì

Tábìlì ìgé gbọ́dọ̀ gùn ju ọ̀já tó gùn jù lọ, kó sì mọ́. Páálí tàbí ọ̀rá líle ni kí ẹ fi ṣe pátáànì. Ẹ tẹ́ ẹ sínú mọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, kí ẹ máàkì rẹ̀ níbẹ̀, nítorí àwòrán orí ìwé kì í sọ bí igun ṣe rí gan-an. Lára pátáànì kọ̀ọ̀kan, ẹ fa ọfà kan tó ń fi ojú òwú òòró hàn. Pátáànì tí kò ní ọfà, ẹ má gé aṣọ lé e.

Ọ̀já iwájú kò fẹ̀ dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀. Bí ẹ bá to ti ọ̀tún àti ti òsì lórí-kodò sí ara wọn, ẹsẹ̀ ìkan sí orí èkejì, ohun tí ẹ ó dànù yóò dín kù púpọ̀. Yíyí aṣọ lórí tábìlì bẹ́ẹ̀ kò pa máàtì, roving tàbí aṣọ dígírì 45 olójú méjì lára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ aṣọ olójú kan ṣoṣo tí a fi sí dígírì 45, ẹ kò gbọ́dọ̀ dojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè ṣe apá kejì ọkọ̀ láìkọ́kọ́ wo àwòrán, nítorí ojú òwú yóò kọ sí òdìkejì.

Ìtò ìpele la fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Ojú ìpàdé ọ̀já kò gbọ́dọ̀ wà lórí ara wọn, a sì fẹ́ sún un ní sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ìpele 1 bẹ̀rẹ̀ láti ìdí pẹ̀lú odindi ọ̀já 1.25. Ìpele 2 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀já tí a gé kù sí 0.95, ìpele 3 pẹ̀lú 0.65, ìpele 4 pẹ̀lú 0.35. Ìpele 5 padà sí odindi ọ̀já, ìpele mẹ́ta ti wà láàárín òun àti ti àkọ́kọ́. Ẹ ó rí i pé bí a ṣe sún un síwájú, iwájú ọkọ̀ kò ní kún mọ́: ìpele 2 yóò nílò ọ̀já kékeré ìkẹjọ tó fẹ̀ ní 0.15, ìpele 3 ní 0.45, ìpele 4 ní 0.75. Ohun tí a gé kúrò lára ọ̀já àkọ́kọ́ jẹ́ 0.30, 0.60 àti 0.90, ó gùn ju ohun tí iwájú ń fẹ́ lọ, nítorí náà òun gan-an ni kí ẹ fi dí i. Odindi ọ̀já kan kò lé, aṣọ kò sì ṣòfò.

Ẹ kọ nọ́ńbà sí igun ọ̀já kọ̀ọ̀kan, níbi tí yóò yọ sórí etí mọ́ọ̀dù tí a ó gé kúrò: 3-Ọ̀-5 fún ìpele kẹta, ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀já karùn-ún, 3-S-5 fún ti òsì. Ẹ má kọ ọ́ sáàárín aṣọ, yíǹkì máákà máa ń tú nínú résìn, ó sì lè hàn láti ìta. Ẹ ká roving mọ́ páìpù, ẹ má ṣẹ́ ẹ po, torí ibi tí a bá ti ṣẹ́ gíláàsì, òwú rẹ̀ ti dá. Èyí tí a ó kọ́kọ́ lò ni kó wà lókè.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá aṣọ tó gbẹ. Lásìkò òjò, ẹ má gbé róòlù kalẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Ẹ gbé e sórí pákó, kí ọ̀rá tó bá a wá wà lára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sínú yàrá gbígbẹ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Aṣọ tó ti mu omi kì í mu résìn, funfun ni yóò máa wò yín. Lásìkò ọyẹ́, eruku ni ìṣòro: ẹ bo aṣọ, ẹ sì nu mọ́ọ̀dù ní òwúrọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àmì lára mọ́ọ̀dù

Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá, iná laser ló ń ya ìlà aṣọ kọ̀ọ̀kan sínú mọ́ọ̀dù. Okùn tín-ínrín àti téèpù yóò ṣe iṣẹ́ náà fún yín bí ẹ kò bá kánjú. Ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 30, 30 láti ìdí dé iwájú lórí etí mọ́ọ̀dù méjèèjì, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sí wọn. Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé àmì náà, ẹ fa téèpù láti àmì 2 ọ̀tún sí àmì 20 òsì, lẹ́yìn náà láti àmì 2 òsì sí àmì 20 ọ̀tún. Nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọ́n bá fi ju mílímítà 10 lọ yàtọ̀ síra, ẹ tún àmì wọ̀n. Okùn tí a bá fà láti àmì kan sí èkejì rẹ̀ ni etí ọ̀já yóò tẹ̀ lé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́ ìpele roving kan sínú mọ́ọ̀dù ní gbígbẹ, kí gelcoat tó wọlé. Ẹ gbé ọ̀rá tàbí aṣọ mímọ́ sábẹ́ rẹ̀ kó má ha mọ́ọ̀dù. Wákàtí tí èyí gbà kò ṣòfò. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọ̀já tó kúrú, igun tí kò jókòó, àti ibi tí a ó ti là á. Tí ẹ bá kọ́kọ́ rí i nígbà tí résìn ti wà lọ́wọ́, ìkánjú ni ẹ ó fi gé e.

Títẹ́ ẹ pẹ̀lú résìn

Gelcoat gbọ́dọ̀ nípọn tó mílímítà 0.4 sí 0.6, kó sì ti gan débi pé ìka yóò lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní yọ nǹkan kan kúrò. Bó bá fẹ́lẹ́ jù tàbí tí kò tíì gan, résìn ìpele àkọ́kọ́ yóò jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ yóò sì hunjọ bí awọ gbígbẹ.

Ooru wa níhìn-ín ń sáré ju ìwé tó wà lára àgbá résìn lọ. Ní oṣù kẹta, bí oòrùn bá ti ga, ike résìn lè gan kí ẹ tó tẹ ọ̀já kan tán. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí tàbí lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ òrùlé, kí ẹ sì po ìwọ̀n ọ̀já kan péré lẹ́ẹ̀kan: ọ̀já máàtì 450 tó jẹ́ 1.85 sí 1.25 ń gba résìn kílò 2.4, kátálíìsì rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń mú un gan, sì jẹ́ gíráàmù 24 bó bá jẹ́ 1%. Ẹ fi síkéèlì wọ̀n ọ́n. Ẹ má lọ sí ìsàlẹ̀ 1% nítorí pé ẹ fẹ́ kó pẹ́ kó tó gan, ó lè má le délẹ̀ láéláé; ẹ po ìwọ̀n díẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀.

Ẹ má da kátálíìsì àti kóbọ́ọ̀tì, èròjà tó ń mú résìn tètè gan, pọ̀ mọ́ra láìsí résìn láàárín wọn, wọ́n lè gbiná tàbí kí wọ́n bú gbàmù. Kóbọ́ọ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ pò mọ́ résìn dáadáa, lẹ́yìn náà kátálíìsì. Kátálíìsì lè fọ́ ojú: ẹ wọ awò ààbò, kí omi púpọ̀ sì wà nítòsí. Résìn tó kù nínú ike máa ń gbóná gan-an bó bá ń gan. Ẹ gbé e síta, jìnnà sí aṣọ àti epo.

Résìn ni kó kọ́kọ́ dé ojú mọ́ọ̀dù, kì í ṣe aṣọ. Ẹ fi rólà onírun pa á, ẹ gbé aṣọ lé e, kí résìn máa gòkè láti ìsàlẹ̀ lé atẹ́gùn jáde. Lẹ́yìn náà ẹ fi ìyókù sí orí. Èèyàn méjì ni kó gbé ọ̀já: ìkan di etí òkè mú lójú àmì, èkejì tẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí kíìlì. Àárín ọ̀já ni kí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa ti ìhunjọ jáde lọ sí etí. Tí ẹ bá di etí mú tí ẹ ń fà á, òwú yóò na tantan ní ibì kan, yóò sì rọ̀ ní ibòmíràn. Lẹ́yìn tí aṣọ bá ti rin, ẹ gbé rólà onírin lé e, kí ẹ máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Líle koko kò wúlò níbí. Ó máa ń ti roving kúrò lójú ìlà ni.

Ní kíìlì, ọ̀já ọ̀tún ń kọjá sí òsì ní mílímítà 75, ti òsì ń kọjá sí ọ̀tún bákan náà, ibẹ̀ sì di ìlọ́po méjì. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gún iyanrìn. Roving kò gbọ́dọ̀ jókòó lé roving láìsí máàtì láàárín, ní pàtàkì pẹ̀lú résìn polyester, nítorí ìpele méjèèjì máa ń ṣí kúrò lára ara wọn lójijì.

Ẹ má tẹ́ ju ìwọ̀n mílímítà 4 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ooru tí résìn ń mú jáde yóò mú kó sán tàbí kó wọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹ tẹ́ ìpele 1 ní àdáwà, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún atẹ́gùn, torí òun ló wà lẹ́yìn gelcoat. Lẹ́yìn náà ìpele 2 dé 4, lẹ́yìn náà 5 àti 6. Tí ó bá ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ láàárín wọn, ẹ fi sáńpépà ha ojú rẹ̀, kí ẹ nu eruku kúrò.

Iwájú ọkọ̀ àti igun

Ibí ni iṣẹ́ ti ń fi ọwọ́ ẹni hàn. Iwájú ọkọ̀ tẹ̀ ní apá méjì lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ kò sì lè bò ó láìhunjọ àyàfi bó bá yẹ̀ tàbí bí a bá là á. Máàtì rọrùn: ẹ fi ọwọ́ fa etí rẹ̀ ya dípò kí ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e, etí tó ya máa ń wọ inú ara èkejì láìsí òkè.

Fún roving, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti gbé e ní kọ́ńdọ́rọ́, dígírì 45, kó lè yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ojú agbára rẹ̀ ti yí padà, nítorí náà kí ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ fọwọ́ sí i. Bí kò bá gbà, ẹ là á ní ìrísí V láti etí wọlé, kí apá méjèèjì gun ara wọn ní mílímítà 50. Lílà ìpele kan kò gbọ́dọ̀ wà lójú lílà ìpele tó tẹ̀ lé e. Ẹ sún un ní sẹ̀ǹtímítà 10 ó kéré tán.

Igun tó wọnú, bíi ibi tí ògiri ìdí ti pàdé ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ní ìṣòro tirẹ̀. Aṣọ máa ń ṣe afárá lórí irú igun bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn tàbí résìn lásán a wá wà lábẹ́ rẹ̀, gelcoat yóò sì sán nígbà tí nǹkan bá kọ lù ú. Ẹ jẹ́ kí igun mọ́ọ̀dù yípo tó rédíọ̀sì mílímítà 10. Bí mọ́ọ̀dù bá ti mú ṣáṣá tẹ́lẹ̀, ẹ fi résìn tí a po mọ́ òwú gígé dí i ní tẹ́ẹ́rẹ́ kí aṣọ tó dé, kí ẹ sì fi rólà oníke tín-ínrín ti aṣọ wọ igun kí ẹ tó tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Níbi tí a bá ti fi ìpele kún un, bíi ìdí ẹ́ńjìnnì, kí àfikún náà má pin lójú kan. Òfin tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé ni ìlọ́po 20: fún máàtì tó nípọn ní mílímítà 1.05, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn ní bíi 21 sí ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ lo 25, ó rọrùn láti wọ̀n. Ìpele àfikún tó tóbi jù ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí èyí tó kéré wà lókè rẹ̀.

Ohun tó ń bàjẹ́ àti bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n

Àbàwọ́n funfun nínú ara aṣọ: résìn kò dé ibẹ̀, aṣọ tutù, tàbí résìn ti ń gan kí ó tó wọlé. Tó bá ṣì rọ̀, ẹ fi résìn díẹ̀ kún un, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti le, ẹ gbẹ́ ẹ kúrò.

Ìhunjọ roving léwu ju bó ṣe rí lójú lọ. Òwú tó ga sókè tó sì tún wálẹ̀ kì í lè gba títẹ̀ pọ̀. Yóò ṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí résìn ṣì tutù, ẹ gbé etí ọ̀já tó sún mọ́ ọn sókè, kí ẹ tún un tẹ́ láti àárín. Ẹ má fi rólà lù ú mọ́lẹ̀, yóò kàn sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ni. Bó bá ti le, ẹ gbẹ́ ẹ títí dé ìsàlẹ̀ ìhunjọ náà, kí ẹ̀gbẹ́ ihò náà da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìlọ́po 12 ó kéré tán: jíjìn mílímítà 5 gba 60 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá fi iye ìpele kan náà dí i, pẹ̀lú òwú kan náà, tó kọ sí ojú kan náà.

Ẹ fi owó irin tàbí orí òòlù kékeré máa lu ara ọkọ̀ lẹ́yìn tó bá ti le. Ibi tó ṣe dáadáa ń dún kedere. Ibi tó ṣofo ń dún bùtù. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni jíjó. Nígbà tí ẹ bá gbẹ́ ihò fún páìpù tàbí fún ẹ́ńjìnnì, ẹ má sọ ègé tó bọ́ nù. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí síkéèlì tó ń ka gíráàmù, ẹ jó o nínú abọ́ irin níta gbangba, lójú ibi tí èéfín kò ní bá èèyàn, lórí iná èédú tí a ń fẹ́ dáadáa, títí tí dúdú kò fi ní sí lára gíláàsì mọ́. Ohun tó kù ni gíláàsì. Fún ìpele wa, ègé gíráàmù 100 yẹ kó ku bíi 36. Bó bá ku 28, résìn ti pọ̀ jù, ọkọ̀ náà wúwo láìní agbára tó yẹ. Bó bá ti lé ní 45, résìn kéré, kí ẹ wá àbàwọ́n funfun kiri. Bí gíláàsì náà bá ti tutù, ẹ fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ ya ìpele rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, máàtì sí apá kan, roving sí apá kan: ẹ ó rí iye ìpele tó wọlé lóòótọ́, àti ojú tí òwú roving kọ sí.